Ẹ bá mi bẹ Disney, DVD Simpsons ò gbọdọ̀ dúró sí sáà 20

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Láti December 17, 1989 ni kàtúùnù The Simpsons ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n Fox ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣì ń ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á lórí díìsìkì, sáà 20 lẹ máa bá a dé, kò sí mọ́. Sáà 19 ni wọ́n gbé jáde kẹ́yìn, ní December 2019. (Sáà 20 ti ṣáájú ẹ̀ bọ́ sọ́jà láti January 2010, torí wọ́n fẹ́ fi ṣàjọyọ̀ ogún ọdún ètò náà.) Látìgbà yẹn, kẹ́kẹ́ pa.

Àwọn kan á ní kí ni mo fẹ́ fi díìsìkì ṣe nígbà tí gbogbo ẹ̀ wà lórí Disney+, ìkànnì tí Disney, tó ni ètò náà báyìí, fi ń gbé fíìmù jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹ̀ kọ́ o. "Stark Raving Dad", tí wọ́n fi ṣí sáà kẹta ní September 1991, Michael Jackson ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé John Jay Smith ni wọ́n kọ síbi orúkọ òṣèré. Ní March 2019, lẹ́yìn tí fíìmù Leaving Neverland jáde, níbi tí ọkùnrin méjì ti sọ pé Michael Jackson bá àwọn ṣèṣekúṣe nígbà táwọn wà lọ́mọdé, àwọn tó ń ṣe Simpsons fà á kúrò nílẹ̀. Nígbà tí Disney+ ṣí ní November ọdún yẹn, kò sí níbẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́. Ẹ̀sùn inú fíìmù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ẹni tó bá lóun ò fẹ́ gbọ́ ohùn ọkùnrin náà mọ́, kò jẹ̀bi. Àmọ́ ẹni tó ti ra DVD sáà kẹta láti ọdún 2003 ṣì lè fúnra ẹ̀ pinnu. Tiẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti Hong Kong. Nínú sáà 16, ìdílé Simpson rìnrìn àjò lọ sí Ṣáínà, wọ́n sì dé Tiananmen, gbàgede ní Beijing tí ìjọba Ṣáínà ti fi sójà tẹ àwọn tó ń ṣèwọ́de rì lọ́dún 1989; ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àkọlé kan tó ní lọ́dún 1989, kò sí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ níbí. Nígbà tí Disney+ dé Hong Kong ní November 2021, ìyẹn nìkan ni àwọn èèyàn wá títí tí wọn ò rí nínú sáà náà. Àwọn tí àwàdà yẹn kàn gbọ̀ngbọ̀n ni wọn ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn!

Kódà èyí tí wọn ò yọ, wọ́n fọwọ́ kàn án. Nínú "Duffless", ní sáà kẹrin, Homer, bàbá ìdílé Simpson, àti Barney ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ wo ilé iṣẹ́ ọtí Duff. Àgbá ràgàjì mẹ́ta tò síra wọn níbẹ̀: wọ́n kọ Duff sára ọ̀kan, Duff Lite sára èkejì, Duff Dry sára ẹ̀kẹta. Ẹ gbójú sókè díẹ̀, ẹ ó rí i pé páìpù kan ṣoṣo ló ń da ọtí sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa ẹ̀, páìpù yẹn gan-an ni àwàdà. Disney+ wá gé òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní tó fẹ̀, wọ́n bá gé páìpù dànù. Ó ku àgbá mẹ́ta lásán. Ariwo ta gan-an, ó sì di ìparí May 2020 kí wọ́n tó fún wa láyè láti wò ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo dúpẹ́ pé wọ́n tún un ṣe. Àmọ́ ní gbogbo oṣù tí wọ́n fi ń rò ó, kò sóhun tó ṣe páìpù orí DVD.

Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn jù lára àwọn díìsìkì yìí ni ohùn àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Láti sáà kìíní dé 19, Matt Groening, Al Jean, David Silverman àtàwọn míì jókòó, wọ́n ń wò ó, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí bó ṣe ń lọ. Ẹ wo ti "Some Enchanted Evening". Òun ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán ẹ̀ ti Kòríà dé, ó bàjẹ́ débi pé ilẹ̀kùn ń tẹ̀ bíi rọ́bà. Wọ́n tún nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ẹ̀ yà. Bí ìtàn Kérésìmesì ṣe wá di àkọ́kọ́ nìyẹn, tí eléyìí fi di àṣekágbá ní May 1990. Ara èyí tó bàjẹ́ yẹn wà lórí DVD sáà kìíní tó jáde ní September 2001, ẹ ó sì gbọ́ bí àwọn tó ni ín ṣe ń wò ó tí ojú ń tì wọ́n. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe kàtúùnù.

Láti sáà 20 lọ, kò sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ lórí díìsìkì kankan. Àwọn èèyàn yìí sì ń lọ. Marcia Wallace, ohùn tíṣà Bart, ọmọkùnrin Homer, kú ní October 2013. Sam Simon, ọ̀kan lára àwọn tó dá ètò náà sílẹ̀, tẹ̀ lé e ní March 2015. Kí wọ́n pe àwọn tó kù jókòó nísinsìnyí tí ohun tí wọ́n ṣe ṣì wà lọ́kàn wọn.

Ẹ má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Lọ́dún 2015, Al Jean, olórí àwọn tó ń ṣe ètò náà, fẹnu ara ẹ̀ kéde pé DVD ti parí. Àwọn olólùfẹ́ ò gbà, wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń béèrè. Ní December 2017, sáà 18 jáde. Bí páálí ẹ̀ bá tiẹ̀ máa rí bí orí Homer tí wọ́n fi ike ṣe, tí wọ́n fi di sáà kẹfà, tí ò jókòó dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù, màá rà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà tẹ́ ẹ fẹ́ ra èyí tó wà nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ yín. Wọ́n pín DVD sí agbègbè-agbègbè (Region), ẹ̀rọ agbègbè kan kì í sábà ka ti òmíràn: DVD Amẹ́ríkà, Region 1 ni, ti ìlú Ọba jẹ́ Region 2, tiwa sì jẹ́ Region 5, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń ka gbogbo ẹ̀ lẹ nílò. Tó bá sì jẹ́ sáà kẹta tòkunbọ̀ lẹ rí, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ tó sanwó. Díìsìkì mẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹ ẹ̀yìn àkọ́kọ́ wò dáadáa bóyá ó ti ha, torí orí ẹ̀ ni "Stark Raving Dad" wà.