Wọ́n Gbá Mẹ́tàlá, Wọ́n Borí Mẹ́tàlá, Ẹ Tún Ní Wọn Ò Yẹ

Ẹni tó bá mọ ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn mẹ́tàlá tó máa ń jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Grapevine, ní ìpínlẹ̀ Texas, láti yan ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yunifásítì tó máa du ife, kó bá mi kí i. Kó sọ fún un pé iyán mi tutù. Odó ni mo fi gún un o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń da omi gbígbóná sí. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni, ọjọ́ Sọ́ńdè. A sá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì kí pásítọ̀ tó ní ká ṣe oore-ọ̀fẹ́, torí ọmọ mi tó ń kàwé ní Florida State nígbà náà ní ọ̀sán gangan ni wọ́n máa kéde ẹgbẹ́ mẹ́rin tó wọlé. Mo bu iyán, mo bu ẹ̀fọ́, gbogbo wa kọjú sí tẹlifíṣàn. Wọ́n pe Michigan. Wọ́n pe Washington. Wọ́n pe Texas sí ìkẹta. Ọmọ mi ti bu òkèlè, ó ti fi kan ọbẹ̀. Wọ́n wá pe ìkẹrin: Alabama.

Kò pariwo. Ó rọra dá òkèlè náà padà sínú àwo, ó nu ọwọ́, ó wọ yàrá lọ. Àwo yẹn wà lórí tábìlì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀fọ́ dì, iyán le bí ọṣẹ.

Ẹ̀yin ará ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ò yé, kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí à ń fẹsẹ̀ gbá ni mò ń sọ. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tó ṣe ṣóńṣó lórí ṣóńṣó nídìí, tí wọ́n ń gbé sábẹ́ abíyá sáré, tí àwọn géńdé á sì ya lu ẹni tó gbé e. Ti àwọn yunifásítì ni mò ń wí, ẹ má sì rò pé eré ọmọ iléèwé ni: pápá Michigan nìkan gba èrò tó lé ní 100,000. Iléèwé tó ń gbá a ní ìpele òkè lé ní 130, eré bíi méjìlá péré lẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń gbá kí ọdún tó parí, wọn ò lè bá ara wọn gbá tán. Ìyẹn ni wọ́n ṣe kó ìgbìmọ̀ jọ, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2014, pé kí wọ́n yan mẹ́rin tó máa wọ playoff, tó máa du ife. Láti 2024, mẹ́rin ti di méjìlá. Kí wọ́n sáà ti sọ ẹni tó yẹ, iṣẹ́ wọn ò ju ìyẹn lọ. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Florida State gbá eré méjìlá lọ́dún yẹn, wọ́n borí méjèèjìlá. Wọ́n lọ gbá àṣekágbá líìgì wọn, ACC, wọ́n na Louisville 16 sí 6. Mẹ́tàlá nínú mẹ́tàlá. Alabama tí wọ́n mú ti fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀ lọ́wọ́ Texas, 34 sí 24. Ẹ̀ṣẹ̀ wo wá ni Florida State ṣẹ̀? Wọ́n ní quarterback wọn, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́, Jordan Travis, fi ẹsẹ̀ ṣèṣe lóṣù Kọkànlá, pé láìsí i, ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ tí àwọn mọ̀ mọ́. Ẹ gbọ́ o: lẹ́yìn tí ọmọ yẹn ṣèṣe, wọ́n na Florida, wọ́n tún na Louisville. Kí ni kí wọ́n tún ṣe? Kí wọ́n lọ jí òkú? Jordan Travis fúnra rẹ̀ bọ́ sórí ayélujára, ó ní ì bá wu òun kí ẹsẹ̀ òun ti ṣẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, kí ayé lè rí i pé ẹgbẹ́ náà ju ẹyọ quarterback kan lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn tó fi egungun ṣèṣe ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tó fẹsẹ̀ ṣẹ́ tó ń sọ pé kó ti tètè ṣẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù, mo bọ́ sí yàrá tí a ń kó báńdéèjì sí, mo nu ojú mi.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé Georgia lù wọ́n 63 sí 3 lẹ́yìn náà nínú Orange Bowl, eré ìparí ọdún tí wọ́n fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lù wọ́n. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó lé ní ogún ni ò sí lórí pápá lọ́jọ́ yẹn, torí wọ́n ti rí i pé ẹni tó gbá àti ẹni tí ò gbá, ọgbọọgba ni. Ẹ lé ẹnìkan kúrò lágbo ijó, ó fi ìbínú jó mẹ́ta fẹ́ẹ́rẹ́ lójú títì, ẹ wá nàka sí i pé ẹ ò rí i, kò kúkú mọ ijó jó.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni ìyà yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á gbé orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jáde lórí tẹlifíṣàn, láti orí ẹni kìn-ín-ní. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ gbọ́ ná, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ṣẹ́gun ni wọ́n ń gbé sókè. Lọ́dún 2025, mò ń wọn ìfúnpá bàbá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ìbàdí fún, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n tún gbé Notre Dame sórí Miami. Kí n tó gbójú kúrò lára ẹ̀rọ, ó ti di 178. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká pa nǹkan yìí.” Ó ní tí mo bá fọwọ́ kan rìmóòtù yẹn, òun á fi ìbàdí tuntun náà dìde sí mi.

Mi ò sì dá a lẹ́bi. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ni Miami na Notre Dame, 27 sí 24, lójú gbogbo ayé. Àwọn méjèèjì parí pẹ̀lú ìborí mẹ́wàá, ìfìdírẹmi méjì. Èèyàn méjì jìjàkadì, ọ̀kan dá èkejì, ẹ wá ní ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀ ló lágbára jù! Ọ̀sẹ̀ ń lọ, ọ̀sẹ̀ ń bọ̀, Notre Dame lókè, Miami nísàlẹ̀. Ìgbà tó di Sọ́ńdè tó kẹ́yìn, tí BYU, iléèwé tó wà láàárín wọn, ti gba ìyà lọ́wọ́ Texas Tech, tí Miami àti Notre Dame wá fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, ni ìgbìmọ̀ tó rántí pé háà, àwọn méjì yìí mà ti bá ara wọn gbá rí! Notre Dame ò gbá bọ́ọ̀lù kankan lópin ọ̀sẹ̀ yẹn o. Miami náà ò gbá. Kálukú wà nílé rẹ̀ tó ń wo tẹlifíṣàn, wọ́n sì pààrọ̀ ipò. Lópin ọ̀sẹ̀ kan náà, Georgia fi 28 sí 7 na Alabama, Alabama ò kúrò ní ipò kẹsàn-án tó wà. Ẹni tó gbá tó fìdí rẹmi ò sún, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ló já bọ́. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn, mo ti ṣe é tì.

Inú bí Notre Dame, wọ́n ní àwọn ò gbá nǹkankan mọ́ lọ́dún náà. Ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò fẹ́ràn wọn. Wọn ò sí nínú líìgì kankan lágbo bọ́ọ̀lù yìí, wọ́n kàn ń dá ṣe tiwọn, bí ọmọ olówó tí kì í bá ará àdúgbò ṣe ìpàdé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún sọ fún pé ilé yìí ti di tìẹ, tí wọ́n wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ kẹ́rù wọlé, ṣé kó máa rẹ́rìn-ín ni?

Ọ̀gá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ Alabama pọ́ńbélé ni. Tí a bá lọ jẹun, kò sí ohun mìíràn lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù Kọkànlá títí dé ọdún tuntun. Ó ní kí n yéé ka iye tí ẹnìkan borí, kí n wo ẹgbẹ́ méjì dáadáa, kí n sọ ẹni tí mo rò pé á na ẹnì kejì. Ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ó ní. Ojú! Ojú wá di òṣùwọ̀n. Tí ojú bá tó, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jókòó sílé, kí orúnkún ẹnikẹ́ni má yẹ̀, kí ọpọlọ ẹnikẹ́ni má mì nínú agbárí. Kí ìgbìmọ̀ to fọ́tò wọn sórí tábìlì, kí wọ́n gbé ife fún ẹni tó bá sanra jù.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi kì í fi rédíò sílẹ̀ tí 3SC bá ń gbá. Wọ́n á bú rẹfirí, wọ́n á bú kóòṣì, ẹni tó bá gbá pẹ́náritì sójú sánmà, wọ́n á tọ́ka sí ìdílé tó ti wá. Ṣùgbọ́n tí líìgì bá parí, tábìlì ni tábìlì. Leicester gba ife líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2016, ẹnikẹ́ni ò lọ jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì kó ní ẹ wo àwọn Leicester yìí ná, ṣé wọ́n tiẹ̀ jọ ẹni tí ń gba ife? Wọn ò jọ ọ́. Wọ́n ní àmì 81.

Ohun tó ń rán mi létí gan-an ni ọdún tí mo ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Máàkì mi ju ti ọmọbìnrin kan tí a jọ ń gbé àdúgbò lọ. Wọ́n mú un, wọn ò mú mi, torí ìpínlẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti wá. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, àwa méjèèjì ti di ìyá ọlọ́mọ, a ṣì máa ń kí ara wa lórí WhatsApp, ó ṣì ń dùn mí.

Wọ́n ní ìgbìmọ̀ náà kì í ṣègbè. Àwọn alákòóso eré ìdárayá ní yunifásítì wà nínú wọn, àwọn kóòṣì tó ti fẹ̀yìn tì náà wà níbẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá kan iléèwé tó ń san owó oṣù ẹnìkan, onítọ̀hún á dìde, á bọ́ síta kí wọ́n tó dìbò. Mo máa ń rò ó. Á dúró sí kọ́rídọ̀, á máa mu kọfí, àwọn tó wà nínú yàrá á máa gbọ́ bó ṣe ń húkọ́.

Ti UCF, yunifásítì kan ní Orlando, lọ́dún 2017, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, torí tí n bá bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á mọ́. Wọn ò fìdí rẹmi rárá, ipò kejìlá ni ìgbìmọ̀ fi wọ́n sí. Wọ́n lọ na Auburn 34 sí 27, Auburn tó ti na Georgia àti Alabama lọ́dún náà, àwọn méjì tó sì wá gbá àṣekágbá nìyẹn. Fún UCF, àgbàdo inú ìgò ni ife yẹn. Wọ́n padà sí Orlando, wọ́n ṣe ìwọ́de ife tiwọn. Àwọn ènìyàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ní báyìí, wọ́n ní kí wọ́n sọ ọ́ di mẹ́rìndínlógún, ìjà á tán. Irọ́ ni. Nígbà tó jẹ́ mẹ́rin, ẹni karùn-ún ló ń sunkún. Ó di méjìlá, ẹni kọkànlá ló tún ń sunkún, torí Tulane àti James Madison gba àyè méjì pẹ̀lú ife líìgì tiwọn lọ́wọ́. Àwọn yẹn nìkan sì ni mi ò bá jà, ohun tí wọ́n fi wọlé hàn sí gbogbo ayé.

Miami tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún fojú di yẹn, ẹ wo ohun tó ṣe. Ipò kẹwàá ló ti wọlé. Ó na Texas A&M, ó na Ohio State, ó na Ole Miss, ó dé àṣekágbá lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, ní pápá tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Indiana fi 27 sí 21 gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Indiana yìí kan náà ló ti fi 38 sí 3 fọ Alabama bí aṣọ.

Lọ́jọ́ kejì àṣekágbá, mo gbé oúnjẹ mi jáde nínú makirowéfù, mo jókòó. Ọ̀gá wa fa àga súnmọ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ gbà fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé. Ó ní ọ̀nà tí Miami gbà ló rọrùn, pé ká ní Alabama ni wọ́n fi síbẹ̀, ta ni mo rò pé á—

Mo dé abọ́ mi, mo gbé e lọ sínú mọ́tò. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni, pẹ̀lú ata díndín. Mo ti gbogbo ilẹ̀kùn pa. Ó ṣì gbóná.