Kí Wọ́n Yọ Orúkọ Orin Kúrò Lára Ìkànnì Wọn

Ní alẹ́ Sátidé tó kọjá, iná dé sí àdúgbò wa ní Òkè-Fìà, màmá mi sì ní kí n bá àwọn wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe orin lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìkànnì mẹ́rin ni dẹ́kódà tí mò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù kó jọ sábẹ́ orin. Lórí èkíní, àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì ń bú ara wọn nínú ilé ńlá kan nítorí ọkùnrin. Lórí èkejì, ẹnì kan ń polówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Lórí ẹ̀kẹta, atọ́kùn kan ń sọ iye tí olórin kan ra ọkọ̀. Orin wà lórí ẹ̀kẹrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí olórin náà tó dé ibi ègbè, wọ́n ti gé e, wọ́n sì ti gbé ìpolówó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wọlé. Màmá mi ní, "Pa á, jẹ́ kí n lọ sùn." Ẹni ọdún 74 ni wọ́n, orin nìkan sì ni ohun tí wọ́n máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà.

Inú bí mi gan-an, inú náà kò sì tíì rọ̀.

Mo mọ ibi tí àrùn yìí ti wá. Nígbà tí ìkànnì orin MTV bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1981, fídíò orin ni wọ́n ń ṣe tọ̀sán-tòru. Nígbà tó di ọdún 1992, wọ́n gbé ètò The Real World jáde, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọra rí sínú ilé kan, kámẹ́rà sì ń tẹ̀ lé ìjà àti ìfẹ́ wọn káàkiri. Ẹni tó bá ń wo ìjà kì í tètè dìde, ṣùgbọ́n ẹni tí orin kan kò bá wù yóò ti yí ìkànnì kí ìṣẹ́jú kan tó pé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá jókòó pẹ́ ni olùpolówó ń wá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ti orin sẹ́yìn, títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2025 tí wọ́n ti àwọn ìkànnì wọn tó jẹ́ ti orin nìkan pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí MTV Music àti MTV 80s wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n kí ló kan àwa? Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ dé Nàìjíríà ní ọdún 1959, a kì í ṣe àlejò nídìí ẹ̀rọ yìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní nǹkan bí ọdún 1995, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun máa ń dà bí ọjọ́ ìnáwó. Bàbá mi á gbé tẹlifíṣọ̀n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn aládùúgbò á gbé àpótí ìjókòó tiwọn wá, a ó sì wo fídíò jùjú àti fújì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olórin á wọ agbádá léésì, á dúró láàárín òdòdó nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì, àwa ọmọdé á sì máa du ẹni tí yóò kọ́kọ́ ka orúkọ rẹ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni gángan ń sọ, nítorí pé bàbá mi máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa bí ọwọ́ onílù ṣe ń lọ lójú wa. Wọ́n á ṣe Salawa Abeni tán, wọ́n á ṣe Kollington, nígbà tó yá wọ́n á gbé Lágbájá wọlé. Màmá mi á bèèrè ìdí tí olórin fi ń bo ojú bí egúngún, kí ó tó tó ìṣẹ́jú méjì, àwọn náà á ti máa gbọn èjìká.

Nígbà tí mo pe ilé iṣẹ́ dẹ́kódà náà láàárọ̀ Ajé, ọmọ tó gbé ìpè mi ní kí n lọ máa wò ó lórí YouTube. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni màmá mi ń lò. Ṣé àwọn ni yóò wá máa ra dátà? Bí mo bá tiẹ̀ fi tèmi wò ó, ohun tí mo ti wò rí ló ń gbé padà wá fún mi, ẹni tí kò bá sì mọ orúkọ olórin kò lè mọ ohun tí yóò tẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ló máa ń mú ẹni tí a kò bèèrè wá bá wa. Gángan tó ń sọ̀rọ̀ nígbà náà sì ń dún nínú fóònù bí agolo. Àwọn tó ń ya fídíò nílé wa lónìí, àwọn bíi Clarence Peters, mọṣẹ́ dáadáa. Owó rẹpẹtẹ ń wọ aṣọ, iná àti kámẹ́rà, kí gbogbo rẹ̀ tó wá di àwòrán tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ẹnì kan ń dá wò ní kọ̀rọ̀ yàrá.

N kò ní san owó oṣù tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ìjà, agbo àti tẹ́tẹ́ ni wọ́n fẹ́ máa tà, kí wọ́n yọ orúkọ orin kúrò lára ìkànnì náà, kí ẹni tó ń sanwó mọ ohun tí òun ń rà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ wá àwo fídíò àtijọ́ ní Ọjà-Ọba. Ìsọ̀ mẹ́ta tí mo mọ̀ ti di ti àwọn tó ń ta ṣájà àti ìbòrí fóònù. Ní ìkẹrin, bàbá kan fa àwo mẹ́rin yọ láti abẹ́ tábìlì, wọ́n fi etí aṣọ nu eruku ara wọn, n kò sì ná an rárá. Màmá mi wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò sì mẹ́nu kan oorun.