Níbo ni wọ́n gbé "Copy" lọ?

Atẹ̀wé Ọjà-Ọba: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí a ti fi Windows 11 sórí kọ̀ǹpútà tí a fi ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ákùúrẹ́, àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kì í rí "Copy" mọ́ bí wọ́n bá fi apá ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì. Ó ti di àwòrán bíńtín láìsí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀. Lánàá, àwòrán tí wọ́n fi ń pa fáìlì rẹ́ ni ọmọ kan tẹ̀, inú Recycle Bin ni a ti lọ tú lẹ́tà ìwáṣẹ́ oníbàárà jáde, tí ẹni náà sì dúró tì wá lórí. Báwo ni mo ṣe lè rí àtòjọ gígùn àtijọ́ lò?

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún: Ẹ lọ sí "Settings", ẹ wọ "Personalization", ẹ wá "Taskbar" níbẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ẹ ti lè dá bọ́tìnnì Start padà sápá òsì.

Atẹ̀wé Ọjà-Ọba: Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n n kò béèrè Start.

Akọ̀wé Alágbàká: Ta ló ní kí ẹ kúrò lórí Windows 10?

Ará Ìjàpọ̀: Ọ̀gá, àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ti parí ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Ilé tí kò ní àgádágodo lẹ ń sùn sí yẹn.

Akọ̀wé Alágbàká: Kọ̀ǹpútà mi kò ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ń béèrè. Ṣé ìwọ ni yóò ra òmíràn fún mi? Àṣà wọn nìyẹn. Bí wọ́n ṣe yọ Start kúrò nínú Windows 7 náà nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún: Ẹ má bínú, sà, Windows 8 ni, ní 2012.

Akọ̀wé Alágbàká: Mo ti ń lo Windows 7 kí o tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún: A kò bi ara wa ní ọjọ́ orí. Láti Windows 95 ni bọ́tìnnì náà ti wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Windows 8 ló gbé e pamọ́, nígbà tí ariwo àwọn ènìyàn sì pọ̀, wọ́n dá a padà nínú 8.1 ní 2013.

Akọ̀wé Alágbàká: Ẹ gbọ́ bí ọmọ Oǹdó ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Ìyá Aláṣọ: Ní tèmi ní Ọba Adésídà, àwọn oníná ti yọ gbogbo bọ́tìnnì pátá láti àná.

Olùkọ́ Ọ̀ba-Ilé: Ẹ̀yin Atẹ̀wé, kí àwọn ọmọ náà di "Shift" mú kí wọ́n tó fi apá ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì, àtòjọ gígùn yóò jáde. "Show more options" tó wà nísàlẹ̀ náà yóò gbé e wá. Nínú ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2, wọ́n tilẹ̀ ti kọ orúkọ sábẹ́ àwọn àwòrán náà.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún: MO TÚN UN SỌ, WINDOWS 8 NI!

Ará Ìjàpọ̀: Ìyá Aláṣọ, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹ lè fojú ara yín rí ìjà yìí.

Akọ̀wé Alágbàká: Àwo Windows 7 mi ṣì wà nínú àpótí. N óò wá a bí iná bá dé.