Ta Ló Ní Eku Méjì Ni?

Ẹni tó bá tún pa òwe eku méjì sí mi létí lọ́sẹ̀ yìí, èmi àti olúwarẹ̀ la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀. Ọ̀kan gba ọ̀tún, èkejì gba òsì, ọdẹ dúró sáàárín, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Àárọ̀ Sátidé ni Bàbá Ìbejì, ará ilé wa ní Kubwa l'Ábújá, fi òwe yìí gba bàtà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò, tíṣà rẹ̀ sì ní kó máa wá sáré pẹ̀lú, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Bàbá ní kó mú ọ̀kan. Ọmọ ò fọhùn. Ni bàbá bá gbé bàtà ìsáré náà, èyí tí wọ́n fi àjákù ànkárá ṣe okùn rẹ̀ kan, ó jù ú sórí fíríìjì. Eruku pupa dà sórí búrẹ́dì tí wọ́n fẹ́ jẹ. Ìyàwó rẹ̀ gbọn búrẹ́dì náà, kò sọ nǹkan kan, àmọ́ mo rí bó ṣe gbọ̀n ọ́n.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ mọ Chioma Ajunwa?" Wọ́n ní, "Ṣé ọlọ́pàá yẹn?" Òun náà ni! Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbá Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ní Ṣáínà ní 1991, ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà. Orí bẹ́ńṣì ló jókòó sí. Jámánì nà wá 4 sí 0, Ítálì 1 sí 0, Taiwan 2 sí 0. Ká ní bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n gbà á láyè láti lé, orí bẹ́ńṣì yẹn ni ìtàn rẹ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ó ń sáré, ó sì ń fò. Ní 1992 wọ́n fòfin dè é fún ọdún 4, wọ́n ní ó lo oògùn. Òun ní irọ́ ni. Ó padà dé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1996, ní Atlanta, ó sáré wá, ó fò sínú iyanrìn: mítà 7.12, ìgbà àkọ́kọ́ tó gbéra. Àwọn yòókù fò títí, wọn ò bá a. Fiona May ará Ítálì tó ṣe ìkejì, 7.02 ni tiẹ̀. Wúrà Olympics àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa gbà nìyẹn. Ọjọ́ kejì làwọn Kanu na Argentina 3 sí 2 nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù Olympics náà, ni gbogbo ìlú bá yí ojú sí bọ́ọ̀lù. Ìyẹn ń bí mi nínú lọ́tọ̀.

Àwọn àgbà tó pa òwe eku náà ló sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kí ló dé tí ẹ ò rántí ìyẹn? Ẹsẹ̀ tó ń lé bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ ló ń sáré láàárọ̀. Èwo wá ni eku méjì níbẹ̀? Ajunwa náà gbájú mọ́ fífò nígbà tó yá, àmọ́ kì í ṣe pé ẹnìkan ju bàtà rẹ̀ sórí fíríìjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi dandan mú ọmọ ọdún 13 yan, kí lẹ̀yin fúnra yín yàn? Bàbá Ìbejì ń ṣiṣẹ́ ìjọba láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa fi mọ́tò wọn gbé èrò láti Berger bọ̀ ní Kubwa. Adìyẹ wọn ń ké lẹ́yìn ilé. Wọ́n tún ń bá èèyàn wá ilẹ̀ rà. Eku mẹ́rin gbáko! Wọn kì í pòwe fún ara wọn. Ọmọ ni wọ́n rí pòwe fún.

Ẹ gbé bàtà náà sọ̀kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.