Tẹníìsì orí tẹlifíṣọ̀n kò lè dípò ìrìn tí dókítà ní kí ẹ máa rìn

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, níbi ìsìnkú kan tí a lọ ṣe ní Ìyàrá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ṣàlàyé fún gbogbo àwọn tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà pé òun ti fi ìrìn òwúrọ̀ tí dókítà ní kí òun máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, nítorí pé ọmọ òun ti fi ẹ̀rọ gémù Wii ránṣẹ́ láti òkè òkun, òun sì ń fi í gbá tẹníìsì fún wákàtí kan ní alaalẹ́ nínú pálọ̀ òun ní Kàbà. Ó ní kò sí ìyàtọ̀ láàrin èyí àti tẹníìsì orí pápá. Àwọn tó ń gbọ́ ọ mi orí. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní òun yóò wá ọ̀kan rà fún ìyá òun tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Àna mi ni ọkùnrin náà, ó sì jù mí lọ dáadáa, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè já a ní koro lójú agbo. Iyán iwájú mi ni mo gbájú mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ènìyàn tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti sú mi.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Oṣù Kọkànlá ọdún 2006 ni Nintendo, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kọ́kọ́ gbé Wii sọ́jà ní Amẹ́ríkà, tí gémù Wii Sports tí tẹníìsì wà nínú rẹ̀ sì bá a wá nínú páálí kan náà, wọ́n sì ti ta ẹ̀rọ yìí ju 100 mílíọ̀nù lọ káàkiri ayé. Nínú rìmóòtù funfun tí a ń dì mú, ẹ̀rọ tíntìntín kan wà tó ń mọ bí a ṣe ń fì í: sókè tàbí sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún tàbí sósì, síwájú tàbí sẹ́yìn. Kò mọ ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, àna mi sì wà nínú wọn, gbàgbọ́ pé ọ̀pá pẹlẹbẹ tí a ń gbé sí orí tẹlifíṣọ̀n ń wo gbogbo ara wọn bí kámẹ́rà. Ọ̀pá yẹn kò wo ẹnikẹ́ni. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí ló ń tàn; kámẹ́rà kékeré tó wà ní imú rìmóòtù ló ń wo ìmọ́lẹ̀ náà, kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tí ẹ nà án sí. Bí ẹ bá tan àbẹ́là méjì, tí ẹ sì gbé wọn jìnnà sí ara wọn díẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ṣe é lò dípò ọ̀pá náà. Ẹ̀rọ tí àbẹ́là méjì lè tó fún, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ yín kúrò nílẹ̀?

Ẹsẹ̀ sì ni tẹníìsì. Gígùn pápá rẹ̀ jẹ́ mítà 23.77, ìbú rẹ̀ fún ènìyàn méjì tó dojú kọ ara wọn sì jẹ́ mítà 8.23. Gbogbo ìbú yẹn ni ẹni kan ṣoṣo ń ṣọ́ ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó ń sáré síwájú nígbà tí bọ́ọ̀lù bá rọra ṣubú lẹ́yìn àwọ̀n, ó ń fi ẹ̀yìn rìn padà nígbà tí wọ́n bá gbé e kọjá lórí rẹ̀, ó ń dúró lójijì, ó sì tún ń yí padà. Pápá onísìmẹ́ǹtì kan wà tí àwa díẹ̀ máa ń lọ gbá ní Kàbà ní òwúrọ̀ Sátidé. Ó ti sán láti àárín dé ibi ìlà ẹ̀yìn, okùn ìso ewúrẹ́ la sì fi so àwọ̀n rẹ̀ mọ́ òpó. Bí bọ́ọ̀lù bá ba ojú ibi tó sán yẹn, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí yóò yà sí, àfi kí ènìyàn tẹ orúnkún wálẹ̀ kíákíá kí ó sì nawọ́. Orúnkún àti itan ló máa ń ro mí lọ́jọ́ Sunday. Apá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ ro mí.

Nínú tẹníìsì orí Wii Sports, ẹ kò tilẹ̀ lè sáré bí ẹ bá fẹ́. Àwọn ọmọlangidi orí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n máa ń jẹ́ mẹ́rin nígbà gbogbo, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ń sáré lọ bá bọ́ọ̀lù fúnra wọn láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún yín ni kí ẹ fì rìmóòtù ní àsìkò tó yẹ: bí ẹ bá tètè fì í, bọ́ọ̀lù yóò ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹ bá pẹ́, yóò ya sí èkejì. Mo mọ̀ pé Nintendo fi àfikún kan sí rìmóòtù ní 2009 tó ń mọ bí ọrùn ọwọ́ ṣe ń yí, mo sì mọ̀ pé gémù eré ìdárayá tuntun mìíràn jáde fún Switch, ẹ̀rọ gémù Nintendo mìíràn, ní 2022. Nínú tuntun náà, ọmọlangidi ṣì ń sáré fúnra rẹ̀.

Mo dán an wò nínú pálọ̀ àna mi yìí kan náà nígbà ọdún Kérésìmesì, kí ọ̀rọ̀ tó dà báyìí. Mo jókòó sínú àga onítìmùtìmù, mo gbé awo ẹ̀pà lé itan, mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé apá àga, mo sì ń fi ọrùn ọwọ́ nìkan ta rìmóòtù bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ju apá rẹ̀ láti ẹ̀yìn èjìká, ó ń fò, ó sì ń gbin bí àwọn tó máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo nà án lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, ẹ̀pà kan kò sì já bọ́ nínú awo. Ó yí sí mi, ó ní, “Òjóró rèé o, sà!” Òjóró kọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe gémù náà nìyẹn, gbogbo ẹni tó bá sì gbá a fún ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò ti mọ̀ fúnra rẹ̀ pé apá jíjù kò wúlò. Ọwọ́ ènìyàn máa ń kéré sí i bí ó bá ṣe ń mọ̀ ọ́n gbá sí i, nígbà tí ó jẹ́ pé lórí pápá, bí ènìyàn bá ṣe ń mọ̀ ọ́n gbá sí i ni alátakò á máa mú un sáré sí i.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ ìwádìí lọ́wọ́ ti wọ̀n ọ́n pẹ̀lú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, àwọn olùwádìí láti yunifásítì Liverpool John Moores gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ: wọ́n kó ọmọ 11 tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 13 sí 15 jọ, wọ́n sì wọn agbára tí ara wọn ń ná nígbà tí wọ́n ń gbá gémù orí ìjókòó àti nígbà tí wọ́n ń gbá Wii Sports. Ti Wii fi ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, ju ti ìjókòó lọ. Ìyẹn ni àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí máa ń kà, wọn á sì pa ìwé dé. Ìwé kan náà sọ pé kò sún mọ́ agbára tí eré gidi ń gbà, kò sì tó láti kà mọ́ eré ìdárayá tí ọmọdé nílò lójúmọ́. Àwọn olùwádìí ní Japan lo ìwọ̀n tó ka ìjókòó jẹ́jẹ́ sí 1 ní ọdún 2010, tẹníìsì Wii sì já sí 3. Lórí ìwọ̀n yìí, tẹníìsì gidi láàrin ènìyàn méjì jẹ́ 8.

Èyí tó dà bí ọ̀rọ̀ àna mi jù lọ ni ti Baylor College of Medicine ní Houston, tó jáde ní 2012. Wọ́n fún àwọn ọmọ ọdún 9 sí 12 ní Wii lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fún àwọn kan ní gémù tí a ń fi ara gbá, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tí a ń jókòó gbá, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wọn bí ara wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ tó láàrin ọ̀sẹ̀ 13. Àwọn tó gba gémù ìfaragbá kò fi ohunkóhun ṣiṣẹ́ ara ju àwọn yòókù lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú tí mo fi wò ó: ènìyàn máa ń yọ ohun tó bá ṣe níbí kúrò nínú ohun tí ì bá ṣe lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n wa kò fi Wii kún ìrìn rẹ̀, ó fi dípò rẹ̀ ni.

Àwọn tó ń gbá Wii á ní àwọn ń làágùn. Nínú oṣù Kẹta ní Kàbà, tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹni tó ń ka Bíbélì náà ń làágùn. Wọ́n á ní èjìká ń dùn wọ́n. Lóòótọ́, dókítà ọmọ ọdún 29 kan gbá tẹníìsì Wii fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí èjìká rẹ̀ fi ń ro ó gidigidi, ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà sì gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní 2007. Ẹni tó sùn gbé apá rẹ̀ náà máa ń jí pẹ̀lú ìrora. Wọ́n á tún ní rìmóòtù ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan ó sì fọ́ tẹlifíṣọ̀n, tó bẹ́ẹ̀ tí Nintendo fi ní láti pààrọ̀ okùn ọrùn ọwọ́ tó lé ní mílíọ̀nù 3 ní oṣù Kejìlá ọdún 2006. Okùn tó já kò sọ ẹnikẹ́ni di eléré ìdárayá.

Mo gbà pé ó sàn ju ìjókòó lásán lọ, àti pé 3 tí àwọn ará Japan rí ti kan ẹnu ọ̀nà ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ara ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, fún ẹni tó bá dìde dúró tó sì ń ju apá rẹ̀ tọkàntọkàn. Àna mi kì í dìde dúró.

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ̀ láìní ẹ̀rọ kankan. Àwọn oníṣègùn ní bí ènìyàn bá ń ṣe eré ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, yóò lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni yóò lè sọ kí ó tó mí. Lórí pápá wa, tí wọ́n bá bi mí ní iye àmì ayò tí a wà lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti lọ tó bọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìka ni mo fi ń dáhùn. Ní pálọ̀ àna mi, mo kọ odindi orin ìjọ kan, ẹsẹ mẹ́rin pẹ̀lú ègbè, lórí àga, rìmóòtù lọ́wọ́, ohùn mi kò sì já. Ìyàwó rẹ̀ gbè mí láti ilé ìdáná.

Ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ṣe iṣẹ́ ara ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìrìn kánmọ́kánmọ́ sì wà lára rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún. Láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ọjà àti padà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ọ̀nà náà sì tutù títí di nǹkan bí aago méje òwúrọ̀. Mo máa lọ kí i ní Sunday lẹ́yìn ìsìn. Èmi àti òun nìkan ni a ó jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, n óò sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá orin fún mi bí ó ti ń gbá a.