Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jápa wá sí UK, ẹ fara balẹ̀ ka èyí

Lọ́jọ́ 12 oṣù karùn-ún 2025, mo ń fi ṣíbí bọ́ màmá kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ní ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbé oúnjẹ mì, nítorí náà a kì í kánjú. Tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn níwájú wa. Ibi tí mo ti ń dúró kí màmá gbé ti ẹnu rẹ̀ mì ni ìròyìn ọ̀sán ti gbé Keir Starmer jáde, olórí ìjọba, ó ń sọ pé bí àwọn kò bá kó ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọlé ní ìjánu, ilẹ̀ àwọn lè di erékùṣù àwọn àjèjì. Ṣíbí wà lọ́wọ́ mi. Màmá ti lanu, ó ń retí mi. Mo fi oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, olórí ìjọba náà sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé n ó kọ ohun tí mò ń kọ yìí, torí kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ pé, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀nà."

N kò ní kí ẹ má wá o. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ kò lè ní kí ẹlòmíràn máa gbààwẹ̀. Owó iṣẹ́ yìí ni mo fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ni mo fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú gbogbo ìṣirò tí ẹ ń ṣe, owó físà, owó bàálù, owó tí ẹ máa fi hàn ní báńkì, kò sí èyí tó kan bí ẹ ó ṣe di ẹni tí wọ́n mọ̀ níbi tí ẹ ń lọ. Físà lè gbé èèyàn wọ ìlú kó má gbé e wọ àárín àwọn ará ìlú. Mo ti rí ẹni tó ti lo ọdún mẹ́jọ níbí tí kò sí ilé kan tó lè kanlẹ̀kùn rẹ̀ lóru.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òfin, torí irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Oṣù kejì 2022 ni wọ́n fi iṣẹ́ kíà, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera, kún àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ fún èèyàn ní físà. Ìparí ọdún yẹn ni èmi wọlé. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, òṣìṣẹ́ kíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè kó ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ gbogbo ẹni tó bá wà lókè òkun. Nítorí náà, ẹ́jẹ́ǹtì tó bá sọ fún yín lónìí ní Mókọ́lá pé òun ní CoS iṣẹ́ kíà nílẹ̀, ìyẹn ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń mú òṣìṣẹ́ wọlé láti òkè òkun, olè ni. CoS kì í ṣe ọjà, ẹni tó ń tà á ń rú òfin.

Ọmọ tí ẹ bá sì bí síbí kò di ọmọ Bírítéènì kìkì nítorí pé ibí ni wọ́n ti bí i. Ìyẹn ti dópin láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1983. Àfi kí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, tàbí kó ti gba ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ILR. Owó ILR ti kọjá 3,000 pọ́n-ún lórí ẹnìkan, iye kan náà ni wọ́n sì ń gbà lórí ọmọdé. Ọdún márùn-ún la ti ń kà kí a tó béèrè fún un. Nínú oṣù karùn-ún 2025 tí mo sọ yẹn ni ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́wàá.

Mo ní ìbátan kan tí àwọn òbí rẹ̀ ta pulọ́ọ̀tì kan kó tó rí CoS rà. Nígbà tó dé, ilé-iṣẹ́ tó mú un wá kò ní ṣíìfù kan ṣoṣo fún un. Oṣù mẹ́rin ló sùn sí pálọ̀ mi. Físà rẹ̀ so mọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá já a sílẹ̀, ọjọ́ 60 ni wọ́n máa ń fún èèyàn láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tàbí kó padà sílé. Mo ní kó lọ fẹjọ́ sùn. Ó wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí, ta ni mo jẹ́ níbí?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn tó rẹ́ ẹ jẹ gbójú lé. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan, kò sí ohun tí wọn kò lè fi ojú rẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni kí ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ má dúró kí ìjà dé.

Orúkọ mi ni Àbẹ̀ní. Ọjọ́ kejì tí mo débi iṣẹ́ ni ọ̀gá ní àwọn á máa pè mí ní Abby, pé ìyẹn rọrùn. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára báàjì. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wá bá mi, ó rí báàjì náà lórí tábìlì, ó béèrè pé ti ta ni. Mo ní tèmi ni. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti pa orúkọ yín dà?" Ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá mi fi tọrọ ọmọ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi kó tó bí mi. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ní mi. N kò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá ọ̀gá pé kí wọ́n ṣe báàjì mìíràn fún mi, kò sì jiyàn rárá. Èmi ni mo ti gbé e fún wọn láìjẹ́ pé wọ́n fi agbára gbà á. Màmá kan tó wá láti Ireland nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é dáadáa. Ó ní wọ́n sọ òun náà di Mary nígbà tí òun dé, bẹ́ẹ̀ Mary kọ́ ni òun ń jẹ́.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú fọwọ́ kan òun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti táwẹ̀lì wọlé tọ̀ ọ́, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àyà, ó sì pè mí ní orúkọ tí n kò ní kọ síbí. Àìsàn ìgbàgbé ń bá a jà, wọ́n ní kí n má fi sọ́kàn. N kò fi ti bàbá sọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi sọ́kàn ni pé nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti pa orúkọ mi rẹ́ lórí pátákó tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ń tọ́jú bàbá náà sí, ti arábìnrin Kẹ́ńyà kan àti ti ará Philippines náà kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó pè wá jókòó kó ní, "Ohun tí wọ́n ṣe sí yín kò dára." Bí irú rẹ̀ bá ṣe yín, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n fi lẹ́tà dá yín lóhùn. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Equality Act, ti ọdún 2010, tó ní wọn kò gbọdọ̀ torí àwọ̀, ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí àìlera fi ìyà jẹ èèyàn níbi iṣẹ́. Ìgbà tí mo dárúkọ òfin yẹn nínú lẹ́tà mi ni wọ́n tó pè wá jókòó.

Ẹlòmíràn ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ìwé. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣe ṣíìfù alẹ́, ibí ni wọ́n bí i sí, Jàmáíkà ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ó bi mí lóru ọjọ́ kan pé níbo ni mò ń kó ìwé owó oṣù mi sí. Mo ní mo ń jù ú nù ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lójú. Ó ní agolo bísíkíìtì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá òun, pé gbogbo bébà tí ilẹ̀ yìí ti fún un láti ọjọ́ tó ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ló wà níbẹ̀, pé agolo yẹn ló yọ bàbá òun.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 1948 ni àwọn èrò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Empire Windrush ní Tilbury, àwọn ará Caribbean ló pọ̀ jù nínú wọn. Ogun ti tán, ilẹ̀ yìí ń wá òṣìṣẹ́. Àwọn tó dé kí ọdún 1973 tó wọlé ní ẹ̀tọ́ láti gbé níbí títí ayé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò ní bébà kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó béèrè. Ní 2010, ìjọba ba àwọn káàdì ìwọlé wọn jẹ́. Nígbà tí òfin wá le, wọ́n ní kí àwọn arúgbó yìí mú ẹ̀rí wá fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti lò. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, wọ́n lé àwọn kan nílé, wọ́n kọ̀ láti tọ́jú àwọn kan ní ọsibítù, wọ́n sì kó àwọn kan padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti kúrò láti kékeré. Ọdún 2018 ni gbogbo rẹ̀ tú síta, tí mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Amber Rudd, fi ipò sílẹ̀. Ogójì, àádọ́ta ọdún ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ti fi ń san owó orí o! Ilẹ̀ mọ́, mo lọ ra fáìlì. Láti ìgbà yẹn, ìwé owó oṣù, lẹ́tà ilé-ìwé àwọn ọmọ, lẹ́tà ọsibítù, ìwé àdéhùn ilé, kò sí èyí tí mò ń jù nù. Káàdì físà ti di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́ jáde.

South Yorkshire ni mò ń gbé. Lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 2024, àwọn kan kóra jọ sí Rotherham ní agbègbè wa yìí, wọ́n fẹ́ dáná sun òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń wá ibi ìsádi ń gbé, pẹ̀lú àwọn èèyàn nínú rẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà kìlọ̀ fún wa pé ká ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n àwọn arúgbó á jẹun láàárọ̀ Monday. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá aládùúgbò mi, òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, níwájú ilé mi pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó ní ibi ìdúró bọ́ọ̀sì ni ajá òun fẹ́ rìn dé lónìí. Ọjọ́ mẹ́ta léraléra ló sìn mí débẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ Wednesday, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú jáde ní ìlú káàkiri láti dènà àwọn oníjàgídíjàgan yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún kan ṣáájú ìgbà yẹn ni mo ti ń kí bàbá yẹn láràárọ̀, tí kì í dáhùn ju kó mi orí lọ. Ẹ má ṣe fi ìkíni sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìjọ wa nìkan ṣe gbogbo ayé yín níbí, ìjọ wa dára, èmi náà ń lọ, ṣùgbọ́n ìjọ wa kò sí ní àdúgbò yín ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Ibí yìí ni mo ti rántí mẹ́gàdí wa nílé. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi jáde girama, òun ló ń ṣọ́ wa sùn. Mọ́là ni gbogbo wa ń pè é. Abọ́ rẹ̀ dá wà, a kì í dà á pọ̀ mọ́ tiwa. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, èmi tí mo sunkún nítorí Abby. Ọdún 1916 ni wọ́n ti dá Sábó sílẹ̀ fún àwọn Haúsá n'Ìbàdàn. Ẹni tí wọ́n bí bàbá-bàbá rẹ̀ síbẹ̀, àlejò la ṣì ń pè é tó bá fẹ́ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀. Ní 2023 ní Èkó, wọ́n lé àwọn èèyàn kúrò níbi ìdìbò torí wọ́n ní wọ́n jọ Íbò. Mo fẹ́ kí ẹ ro èyí kí ẹ tó gbéra, torí ohun tí ẹ ó máa bẹ̀bẹ̀ fún níbí ni àwọn kan ń bẹ̀ wá fún nílé.

Ohun kan ṣẹ́ kù, ọ̀pọ̀ wa ni kò sì mọ̀ ọ́n. Nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbí tí físà rẹ̀ kò tíì parí lè forúkọ sílẹ̀, kó sì dìbò, kódà ìdìbò gbogboogbò. Kò di ìgbà tí ẹ bá di ọmọ onílùú. Àwọn tó ń ṣe òfin lórí yín, ẹ lè wà lára àwọn tó ń yàn wọ́n.

Ọjọ́ 4 oṣù keje 2024 ni mo kọ́kọ́ dìbò níbí, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣíìfù alẹ́ dé. Wọ́n máa ń béèrè ìwé tó ní fọ́tò, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Mo mú eléwéko tèmi jáde, èyí tí wọ́n máa ń yí síwá yí sẹ́yìn ní pápákọ̀ òfurufú kí wọ́n tó lọ pe ẹlòmíràn wá wò ó. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì wò ó, ó wo ojú mi, ó fi rúlà wá orúkọ mi lórí ìwé, ó sì kà á sókè, tèmi àti ti bàbá mi. Kò pè é dáadáa. Mo pè é fún un. Ó tún un pè, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i, ó sì na ìwé ìdìbò sí mi.