Ìdánwò yege lórí mock, iṣu ₦5,000 di ₦50

Láàárín àwa tí a ń kọ kóòdù ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ bí ẹni ka àdúrà: "Bí gbogbo ìdánwò kóòdù bá ti yege lórí mock, gbé iṣẹ́ náà síta fáwọn oníbàárà." Irọ́ ni. Èmi náà gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀; mock ni sáfà ayédèrú tí a fọwọ́ ara wa kọ, kó máa dáhùn bíi sáfà gidi. Nígbà tí a ń ṣe ìkànnì ìtajà fún ìyá oníṣu kan ní Lágere, mo sọ fún mock pé bí owó bá ti dé, kó dáhùn pé "ó ti wọlé". Gbogbo ìdánwò yege. Ọjọ́ tí a gbé e síta, oníbàárà ra iṣu ₦5,000, ₦50 ni wọ́n yọ nínú àkáǹtì rẹ̀, iṣu sì ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kí a tó rí i. Kọ́bọ̀ ni sáfà ìsanwó gidi ń kà. Iye náírà ni a fi ránṣẹ́ sí i. Ó wà nínú ìwé ìlànà wọn, àwa ni a kò kà á. Mock kò lè bá wa kà á, ohun tí mo bá fi sí i lẹ́nu ló ń sọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: èmi ni mo rojọ́, èmi náà ni mo dá a.

Ìyá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé mo ní kẹ́ ẹ máa bá mi fi iṣu ṣe sàárà ni?"

Mock tún ń yára jù. Ẹ wá di fóònù mú ní àdúgbò Òpá nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì ń wọ́ bí ìgbín: oníbàárà tẹ bọ́tìnnì, kò rí nǹkan kan, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó di iṣu méjì. CORS náà ńkọ́, òfin tí bùráwúsà (bíi Chrome) fi ń wò ó bóyá sáfà fún ìkànnì láyè láti ka ìdáhùn rẹ̀? Bí ìdánwò bá ń ṣiṣẹ́ nínú Node, ètò tó ń mú kóòdù JavaScript ṣiṣẹ́ láìlo bùráwúsà, kò sí bùráwúsà níbẹ̀ tí yóò sọ pé sáfà kò fún ìkànnì yín láyè.

Àmọ́ ẹ má dá àwọn tó ní ká ju mock nù lóhùn. Sáfà gidi kì í ṣàìsàn lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ kó ṣàìsàn. Mock ni mo lè pàṣẹ fún pé kó dáhùn 500, ìyẹn "sáfà ti dàrú", tàbí 429, ìyẹn "o ti béèrè jù", kí n wo ohun tí oníbàárà yóò rí. Bí dátà bá sì tán lóru, iṣẹ́ ò dúró. (Ẹni tó ń fowó ara rẹ̀ ra dátà mọ ohun tí mò ń sọ.)

Nítorí náà, mock ṣì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánwò wa. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá kan owó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá lórí sáfà ìdánwò tí ilé iṣẹ́ ìsanwó fúnra wọn pèsè, ìdáhùn tó bá sì fún wa la ń dà kọ sínú mock, kì í ṣe èyí tí mo bá lérò lọ́kàn. Ó ń falẹ̀. Ìyá oníṣu ò bìkítà: ₦4,950 rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi kó tó jẹ́ ká tún ìkànnì náà ṣí.